Owó Wà Nínú Ìrìn

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé iye tí aláìsàn kíndìnrín yóò máa san fún fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti wálẹ̀ láti 50,000 náírà sí 12,000. Ìròyìn ayọ̀ gidi ni. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ nílò kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní iye tuntun yìí, 36,000 náírà ni lọ́sẹ̀, 144,000 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 là kalẹ̀ sì jẹ́ 70,000. Bí ẹni tó ń gba owó oṣù yìí kò bá jẹun, tí kò wọkọ̀, tí kò san owó ilé, gbogbo owó rẹ̀ kò ní tó ìdajì owó fífọ ẹ̀jẹ̀ nìkan. A ò tíì ka abẹ́rẹ́, a ò tíì ka àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ ni a ò tíì ka owó ọkọ̀ ẹni tó ń gbé e lọ gbé e bọ̀. Ní iye ti àtẹ̀yìnwá, 600,000 náírà ni ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kan náà ń gbé lọ.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà lára ohun tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù lọ. Àwọn méjèèjì yìí náà la sábà máa ń bá nídìí àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bá ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi àìsàn bú ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nínú ohun gbogbo tí àwọn oníṣègùn mọ̀ tó lè mú kí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé, tàbí kí wọ́n rọlẹ̀ lára ẹni tó ti ní wọn, eré ìmárale déédéé wà lára èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ jù lọ, òun náà ni kò sì gba owó. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nìyí: bí ìrìn kánmọ́kánmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣe ń di owó, ibi tí owó náà ń gbà wọlé, àti ìdí tí ojú wa kì í fi í rí i.

Ìdí tí a kì í fi í rí i kò ṣòro. Owó tí èèyàn kò ná kì í dún lápò. Kò sí ẹni tó máa kọ lẹ́tà sí yín pé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbà ìbá ti dè yín lápá dè yín lẹ́sẹ̀, àmọ́ nítorí pé ẹ ń rìn, kò dé. Ẹni tó ra ilẹ̀ rí ilẹ̀. Ẹni tó fi eré ìmárale dáàbò bo ara rẹ̀ kò rí nǹkan kan tó lè nawọ́ sí. Àwọn ìyá wa tó ń dá àjọ mọ̀ pé owó tí a fún alájọ lónìí kì í jọ owó títí oṣù yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìrìn òní rí, àfi pé alájọ lè kó owó sá lọ, kò sì sí ẹni tó lè gbé agbára ẹsẹ̀ yín sá lọ. Ìrìn tún ní òfin tirẹ̀: bí a bá dẹ́kun dídá a, ohun tó wà nílẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ẹni tó sá eré ìje nígbà tó wà ní ọmọ ogún ọdún, tó wá jókòó láti ìgbà náà, kò ní èrè kankan tó lè gbà lọ́mọ àádọ́ta ọdún.

Ohun kejì tó yẹ ká mọ̀ ni ẹni tó ń sanwó ìtọ́jú ní ilẹ̀ wa. Ètò ìbánigbófò ìlera bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2005, òfin tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn sì jáde ní 2022. Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí a ń ná sórí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí, ó lé ní àádọ́rin tó ń ti àpò aláìsàn àti àwọn ẹbí rẹ̀ jáde. Bí kíndìnrín ará London bá dákẹ́, ìjọba ló ń sanwó ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Níbí, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni ilé ìṣúra: ilẹ̀ tó rà sí Mowe, mọ́tò rẹ̀, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn. Nítorí náà, mo gbà pé eré ìmárale níye lórí fún wa ju bó ṣe níye lórí fún ẹni tí ìjọba ń tọ́jú lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2016 fi hàn pé láàárín àwọn tó ti ní àrùn ọkàn, ìnáwó ìlera àwọn tó ń ṣe eré ìmárale tó bó ṣe yẹ fi ohun tó lé ní 2,500 dọ́là kéré sí ti àwọn tí kò ṣe é, láàárín ọdún kan ṣoṣo. Níbẹ̀, apá kan owó yẹn jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. Tiwa, èyí tó pọ̀ jù ló jẹ́ ti ìdílé.

Ọ̀rọ̀ pé ìmira ń dènà àrùn ọkàn kò pẹ́ tó bí a ṣe rò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni dókítà kan tó ń jẹ́ Jeremy Morris bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń ná, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń mí. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin, nígbà tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn inú ọkọ̀ lọ sókè sódò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbésẹ̀ lójúmọ́, láti gba owó ọkọ̀. Nígbà tí Morris gbé èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé The Lancet ní 1953, ó hàn gbangba pé àrùn ọkàn ń kọlu àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ, ikú òjijì sì pọ̀ láàárín wọn jù. Ó tún yẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wò: àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí gun kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà sàn ju àwọn akẹgbẹ́ wọn tó ń jókòó ní ọ́fíìsì lọ. Àwọn kan bi í pé ṣé kì í ṣe àwọn tó sanra tẹ́lẹ̀ ló ń yan iṣẹ́ awakọ̀. Ìbéèrè tó dára ni. Òun fúnra rẹ̀ lọ wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò tí ilé iṣẹ́ rán fún wọn, ó sì rí i pé ti àwọn awakọ̀ fẹ̀ ju ti ẹnìkejì wọn lọ lóòótọ́. Ìyẹn kò pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, nítorí láti ìgbà náà ni ìwádìí lórí ìwádìí ti ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Morris gbé ohun tó rí wọ ara rẹ̀, ó ń ṣe eré ìmárale títí ó fi dàgbà gan-an, ẹni ọdún 99 ni nígbà tó kú ní 2009.

Bí mo bá ti rántí àwọn awakọ̀ London wọ̀nyẹn, àwọn awakọ̀ dánfó wa ló ń wá sí mi lọ́kàn, tí wọ́n ń jókòó nínú ooru ẹ́ńjìnnì àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti ìdájí dé alẹ́. Kò sí ilé iṣẹ́ tó máa san owó oṣù fún wọn lọ́jọ́ tí ara kò bá gbé e. Télọ̀ tó ń tẹ máṣíìnì láti àárọ̀, oníṣòwò tó ń jókòó ti ọjà ní Gbági, akọ̀wé ní sẹkitéríàtì, ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ ní Yábàá: gbogbo wọn ló ń ṣe iṣẹ́ awakọ̀, kò sì sí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara gan-an? Àwọn iṣan itan àti ti ìdí ló tóbi jù lára wa. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kódà lára ẹni tí ínsúlínì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Lẹ́yìn tí èèyàn bá sì ti sinmi, iṣan náà ṣì máa ń bá a lọ láti gba ṣúgà wọlé dáadáa fún nǹkan bí ọjọ́ kan sí méjì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba ẹni tó ní àtọ̀gbẹ nímọ̀ràn pé kó má jẹ́ kí ó ju ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra lọ láìmira. Ní ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìrìn kánmọ́kánmọ́ ń mú kí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ rọ̀, kí wọ́n lè là fún ẹ̀jẹ̀, kí ọkàn má bàa máa fi ipá tì í. Ìlànà ìtọ́jú tí àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2017 sọ pé irú eré ìmárale bẹ́ẹ̀ lè fa nọ́ńbà òkè nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ní 5 sí 8 lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Iṣẹ́ tó sún mọ́ ti oògùn kan nìyẹn. Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ da oògùn nù o. Dókítà nìkan ló lè dín oògùn kù. Àmọ́ ẹni tó ń lo mẹ́ta tó wá bọ́ sí méjì mọ̀ bí owó tó ń san nílé oògùn ṣe yí padà.

Ìwádìí tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ yìí wáyé ní Da Qing, ìlú elépo rọ̀bì kan ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ní 1986, wọ́n kó èèyàn 577 jọ tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń gòkè, ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní kí apá kan tún oúnjẹ ṣe, kí apá kan máa mira, kí apá kan ṣe méjèèjì, apá kan sì ń bá ìgbé ayé rẹ̀ lọ bó ṣe wà. Ọdún mẹ́fà ni ètò náà gbà. Ohun tó jẹ́ kó wú mi lórí ni pé wọn kò fi àwọn èèyàn náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Wọ́n ń tọpasẹ̀ wọn títí fún ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ nígbẹ̀yìn, àtọ̀gbẹ fi nǹkan bí ọdún mẹ́rin pẹ́ kó tó bá àwọn tó tún ìgbé ayé wọn ṣe. Àrùn ọkàn àti ti òpó ẹ̀jẹ̀ dín ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín wọn. Wọ́n sì fi ọdún kan àti oṣù bíi mélòó kan pẹ́ láyé ju àwọn yòókù lọ. Ní Amẹ́ríkà náà, ìwádìí tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002 láàárín èèyàn 3,234 fi hàn pé ìrìn 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, pẹ̀lú oúnjẹ tí a tún ṣe àti ìwọ̀n ara tó dín kù díẹ̀, dín àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn metformin dín in kù ní ìdá 31. Ẹ ṣàkíyèsí pé oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó wá fi ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì tẹ̀ lé e kò tíì ṣe ohun tí àwọn èèyàn yìí ṣe.

Ó sì yẹ ká fetí sí ohun tí Da Qing sọ gan-an: pípẹ́ kó tó dé ni, kì í ṣe pé kò ní dé láéláé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń sọ pé, "Ẹni tó ń sáré láràárọ̀ yẹn náà ṣàìsàn, kí wá ni àǹfààní rẹ̀?" Ọdún mẹ́rin ni àǹfààní rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi náírà wò ó. Ká ní oògùn àti àyẹ̀wò ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú àtọ̀gbẹ jẹ́ 25,000 náírà lóṣù. Àwọn kan ń ná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún kan, 300,000. Bí àìsàn náà bá bẹ̀rẹ̀ lọ́mọ ọdún 45, tí Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí sí dé 70, 7,500,000 náírà ni, bí iye oògùn kò bá gòkè rárá. Bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé ó ń gòkè: láti 2023 tí ilé iṣẹ́ apoògùn GSK ti kéde pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, tí náírà sì jábọ́ lọ́wọ́ dọ́là, ọ̀pọ̀ oògùn ló ti di ìlọ́po iye tí a mọ̀ ọ́n sí. Bí ọdún mẹ́rin bá yọ kúrò nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yẹn, 1,200,000 ló kù sílé. Ẹ tún wo ọjọ́ orí tí ọdún mẹ́rin náà bọ́ sí: láàárín 45 sí 49, ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ wà ní yunifásítì, tí ilé tí à ń kọ́ kò tíì ní òrùlé, tí àwọn òbí wa fúnra wọn sì ti ń darúgbó sí wa lọ́rùn.

Owó oògùn nìkan kọ́ ló sì wà níbẹ̀. Ní tèmi, owó tó tóbi jù ni èyí tí a kò rí gbà nítorí pé a kò lè jáde. Òṣìṣẹ́ ọwọ́ kò ní ìsinmi àìsàn. Ọjọ́ tí bíríkìlà, mẹkáníìkì tàbí onídìrí kò bá jáde, kò sí owó lọ́jọ́ náà, oníbàárà á sì ti wá ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí ẹ̀gbà mú ní apá ọ̀tún lẹ́ni ọdún 52 tó jẹ́ pé apá ọ̀tún ló fi ń jẹun, gbogbo ọdún tó kù tó fi yẹ kó ṣiṣẹ́ ló bá a lọ.

Ẹ mú òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba 200,000 náírà lóṣù. Lábẹ́ ètò owó ìfẹ̀yìntì aláfọwọ́sowọ́pọ̀, òun ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ń dá 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36,000 lóṣù. Bí àìsàn bá lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́mọ ọdún 52 dípò 60, oṣù 96 ni kò ní rí owó gbà: 19,200,000 náírà owó oṣù, àti 3,456,000 tó yẹ kó wọlé sínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀, láìtíì ka èrè tí owó náà ìbá ti pa. Owó táṣẹ́rẹ́ tó kù nínú àpò náà ni yóò tún fi ra oògùn. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n máa ń kọ́ wọn ní sísin adìẹ, wọ́n ń kọ́ wọn ní ọ̀sìn ẹja. Ì bá wù mí kí wọ́n ti máa sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ wọn láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, nítorí ẹni tí kò lè dúró kò lè sin adìẹ.

Àìsàn òbí sì kì í dúró sí àpò òbí. Ọmọ tó wà ní Houston, èyí tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé àwọn arúgbó ní Peckham, àwọn ló ń gba ìpè ní aago méjì òru. Mo mọ̀ pé ẹ mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi owó tó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé tiwọn ránṣẹ́ sílé fún oògùn Dádì, àwọn ọmọ ìyá wọn tó wà nílé sì ń fi ọjọ́ iṣẹ́ sílẹ̀ láti gbé e lọ sí ọsibítù. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, ọmọbìnrin ló ń pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì. Bàbá tàbí ìyá tó bá ń rìn láràárọ̀ ń tọ́jú owó sínú àpò àwọn ọmọ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní kọ́bọ̀ kan tó lè fún wọn.

Kí ló wá dé tí a kì í rìn? Mo rò pé nǹkan àkọ́kọ́ tí owó ń rà fún wa ni ìjókòó. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti gba díẹ̀ á bọ́ sórí ọ̀kadà fún ìrìn tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ó bá tún gòkè díẹ̀, á ra mọ́tò. Bí ó bá tún gòkè, á gba ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa gbálẹ̀, máa fọṣọ, máa bá a bu omi mu. "Ó ti ń fẹsẹ̀ rìn" ni à ń sọ nípa ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún mọ́. Ikùn ńlá, a ní ìgbádùn ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi owó ra ohun tí yóò wá gba owó náà padà. Nígbà tí bàbá wa ń lọ sí oko ẹgàn tó sì ń bọ̀, kò mọ̀ pé eré ìmárale lòun ń ṣe. Àwa tí a kò lóko mọ́, tí a kò gun òkè, tí a kò bá ẹnikẹ́ni pọn omi, àwa la gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ wá àyè fún un.

Àwọn mìíràn á ní, "Ó wà nínú ìdílé wa, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i." Òótọ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń wà nínú ìdílé. Ṣùgbọ́n ní 1997, àwọn onímọ̀ kan gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn èèyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa níbí, wà lára ibi tí wọ́n dé. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, èèyàn 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Orírun kan náà, ìgbé ayé tó yàtọ̀. Ìwọ̀n ara àti iyọ̀ inú oúnjẹ wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí jù. Láti ìgbà náà, iye tiwa níbí ti ń gòkè, ìdílé wa kò sì yí padà láàárín ọgbọ̀n ọdún.

Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ fún àgbàlagbà ní 2020 ni 150 sí 300 ìṣẹ́jú ìmira tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára lọ́jọ́ méjì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún ti pé. Ẹ lè gé e sí mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń rìn, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ìwọ̀n náà ló dára yẹn. Ijó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lóde àríyá wà lára rẹ̀, ijó ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wà lára rẹ̀, títọ ọjà láti òpin kan dé òpin kejì láìdúró wà lára rẹ̀. Ní ti iṣan, dídìde àti jíjókòó lórí àga nígbà mẹ́wàá mẹ́wàá láìfi ọwọ́ tì í, títi ògiri, gbígbé garawa omi, wọ́n tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó sọ pé dandan ni kí ẹ san owó jíìmù tàbí ra bàtà olówó ńlá. Bàtà tí kò fún ẹsẹ̀, tí kò sì yọ̀, ti tó. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù kan ṣáájú ibi tó ń lọ tún lè rí i pé owó ọkọ̀ dín díẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù.

Ẹni tó ti pẹ́ tó ti ń jókòó, tó ti lé lógójì ọdún, kó kọ́kọ́ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nílé oògùn púpọ̀, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kó má ṣe fi eré sísá bẹ̀rẹ̀. Ìrìn ni kó fi bẹ̀rẹ̀, kó máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, kó dúró, kó lọ rí dókítà. Ẹni tó fi ọdún mẹ́wàá jókòó kò lè fi òwúrọ̀ Sátidé kan san gbogbo rẹ̀.

Mo tún fẹ́ yọ àwọn kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Agbérù ní Bódìjà, obìnrin tó ń kiri ọjà lábẹ́ oòrùn, àgbẹ̀ tó ń kọ ebè, ẹ má lọ máa wàásù eré ìmárale fún wọn. Ohun tí wọ́n ṣaláìní ni oúnjẹ tó dára, ìsinmi, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ tó ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ láìsinmi kò rí bákan náà pẹ̀lú ìrìn tí èèyàn fara balẹ̀ rìn.

Ẹ̀bi pé a kì í rìn kò sì jẹ́ ti olúkúlùkù nìkan. Níbo la ó ti rìn? Ọ̀pọ̀ títì wa kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, èyí tó sì ní, àwọn oníṣòwò àti mọ́tò ti gbà á. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, èéfín ń wọ imú. Ní àárọ̀ kùtùkùtù, ẹ̀rù olè ń ba obìnrin tó dá rìn. Ìdí nìyí tí pápá ìṣeré ìjọba ní Sùúrùlérè fi ń kún ní òpin ọ̀sẹ̀, tí àwọn ará Ìbàdàn sì ń wọ ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti rìn ní àárọ̀: ibi tí ojú pọ̀ sí, tí mọ́tò kò pọ̀ sí. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó sì tan iná sí i ti dín iye ibùsùn tí yóò nílò ní ọsibítù kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn kò lè gé rìbọ́nnì lórí àìsàn tí kò wáyé.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni mo ti ń bẹ̀rù jù. Ìgbà èwe títí di nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni egungun ń kó agbára jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìnáwó ló kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa mira fún 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn ilé ìwé aládàáni tí à ń san owó gọbọi sí ní Èkó, ilé gbígbé tí wọ́n yí padà ni wọ́n. Simẹ́ńtì ti bo àgbàlá, mọ́tò àwọn olùkọ́ ló wà lórí rẹ̀. Wákàtí eré ìmárale ti di ti lẹ́sìnnì, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ń gbé ọmọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, fóònù sì ń dúró dè é nílé. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lè fi èyí síwájú ìpàdé sáà tó ń bọ̀: ìṣẹ́jú mélòó ni ọmọ ń fi sáré lọ́sẹ̀ níbí, ta ni olùkọ́ tó ń bójú tó o, bí kò bá sì sí pápá nínú ọgbà, pápá wo ló sún mọ́ wa tí a lè háyà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, èló ni yóò sì jẹ́ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan.